Bí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Mú Píkọ́ọ̀pù Rẹ̀ Ga

Òórùn irin gbígbóná àti gírísì tó ti jóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn nínú ọgbà mẹkáníìkì kan lẹ́yìn ọjà Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, kí ojú tó rí ọkọ̀ kankan. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá Àpápá, òórùn omi òkun á dà pọ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ lọ́dún yẹn, èmi náà sì ń tẹ̀ lé e lọ ní gbogbo Sátidé. Kì í ṣe pé mo mọ nǹkan kan nípa mọ́tò o. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó fẹ́ sọ ọ́ dà ni.

Iṣẹ́ gbígba ẹrù jáde fún àwọn oníṣòwò ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ní èbúté Tin Can. Inú ọkọ̀ òkun ni ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé. Abúlé kan nínú igbó kòkó lápá Oǹdó ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé, ojú ìyá náà sì ti ń ṣú. Nọ́ọ̀sì tó máa ń gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ sọ pé iṣẹ́ abẹ lè ràn án lọ́wọ́ bí wọn ò bá jẹ́ kó pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ìyá ti ṣubú rí, ìbàdí rẹ̀ ò gba ọ̀kadà mọ́, àgbàrá sì ti gbẹ́ ọ̀nà náà débi pé mọ́tò lásán ò lè gbà á. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi wá píkọ́ọ̀pù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà pa pọ̀, tó ní òun máa mú un ga.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀gá mẹkáníìkì ò kọ́kọ́ yẹ mọ́tò náà wò. Ọ̀nà ló béèrè. Ó fẹ́ mọ bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó, ẹ̀gbọ́n mi sì fọwọ́ kan itan rẹ̀. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n fi sípíríǹgì tó ga sí i, wọ́n de táyà eléyín ńláńlá, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n wá na páìpù kan láti ẹ́ńjìnnì lọ dé òrùlé. Mo béèrè ohun tí páìpù wà fún.

“Brọ́dà, mọ́tò ń mí bíi tiyín,” ọ̀gá náà dá mi lóhùn. “Tó bá lọ fa omi símú, e don finish.”

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹ̀rọ tí wọ́n ká okùn irin mọ́ níwájú, tí ọkọ̀ tó bá rì lè fi so mọ́ igi, kó sì fa ara rẹ̀ jáde. Mo lè dúró wò ó títí oúnjẹ ọ̀sán á fi tutù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà jáde, ńṣe ló ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Wọ́n ti mú un ga jù, irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn ti dagun. Wọ́n tú u, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò bínú. Ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ kan l'Olódì-Àpápá ló ti lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó lè tẹ́ lórí ẹrẹ̀. Obìnrin tó máa ń wọ aṣọ funfun to èèyàn síjókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹrẹ̀ bò dé etí!

Nígbà tí òjò dẹwọ́, a gbéra. A rì nínú kòtò kan tí ò jìnnà sí abúlé. Mo so okùn irin mọ́ igi, mo sì fà á wò lẹ́ẹ̀mejì, torí bí kò bá dì í mú, kò sẹ́ni tó máa fà wá jáde níbẹ̀. Okùn náà le tantan, igi dún, ọkọ̀ sì yọ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá ń dúró dè wá níta. Ó fọwọ́ pa táyà láti ìsàlẹ̀ dókè, ó ní, “Ìyàwó mi, ṣé èyí lè dé oko?”

Ẹ̀gbọ́n mi rọra sọ fún un pé ọsibítù la wá gbé e lọ.

“Mo mọ̀. Ìbàdí yìí ò jẹ́ kí n dé oko mi láti ọjọ́ yìí. Ojú tó kù yìí ni mo fẹ́ fi rí i, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án.”

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀nà oko tó há gádígádí. Mo rò pé ó máa kọ̀ ni. Ó ṣílẹ̀kùn, a gbé ìyá sókè nítorí mọ́tò ti ga ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, a sì wọ igbó, ẹ̀ka igi ń ha wá lára, ìyá ń júwe ibi tí a máa yà sí bí ẹni tó ń ríran kedere. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó di apá ẹ̀gbọ́n mi mú láti ìdí igi dé ìdí igi, ó ń gbé kòkó wò nítòsí ojú rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ó tó, kí a máa lọ.

Iṣẹ́ abẹ náà la ojú kan. Èkejì ò là.

Ní gbogbo Sátidé yẹn, ohun tí mo rò ni pé tìtorí ká lè gbé ìyá jáde nínú igbó la ṣe ń ṣe gbogbo wàhálà náà. Ìyá ní tirẹ̀ ò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ ọ̀hún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó ti rí i pé ó lè gbé òun wọ inú igbó náà sí i, dé oko. Kò sí ìkankan nínú wa tó rántí béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, kí n tó ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo máa ń bi í léèrè ibi tó ń lọ.