Ìrọ̀rí Tí A Rán fún Ilẹ̀kùn

Ilẹ̀kùn ilé wa ní Plumstead nílùú òyìnbó ò kan ilẹ̀. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè rí bàtà ẹni tó ń kọjá níta, abẹ́ ibẹ̀ náà sì ni òtútù máa ń gbà wọlé láti oṣù kọkànlá títí di ìgbà Àjíǹde. Onílé ní òun máa rán káfíńtà wá. A ń retí káfíńtà náà títí a fi kó kúrò níbẹ̀.

Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi ni màámi wá láti Ìjẹ̀bú-Òde láti bá mi tọ́jú ọmọ. A jọ ṣàdéhùn oṣù mẹ́fà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Nathan Way, èmi ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, nítorí náà bí màámi ò bá sí nílé, iṣẹ́ tèmi bọ́ nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe ti iṣẹ́ nìkan. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, èmi àti màámi ò tíì jọ gbé abẹ́ òrùlé kan náà mọ́. Ọmọ ni mo bí, èmi náà sì tún padà di ọmọ. Wọ́n ń fi omi gbígbóná tẹ̀ mí níkùn, wọ́n ń dúró tì mí títí màá fi mu ẹ̀kọ gbígbóná tán, bí mo bá sì ráhùn, wọ́n á ní kí n ṣe ẹnu mi jẹ́ẹ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ rárá.

Oṣù kejì ò tíì pé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú máa ń lọ sí Èkó. Wọ́n á bi mí, wọ́n á tún lọ bi ọkọ mi, bíi pé ìdáhùn ọ̀tọ̀ ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo wo súwẹ́tà méjì tí wọ́n wọ̀ léra, mo wo ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi lẹ́sẹ̀ wọn, mo ní òtútù yìí ló fẹ́ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi. Mo pinnu pé màá bá a jà.

Nílé ìyá òyìnbó kan tí mo ń tọ́jú ni mo ti rí àpò aṣọ gígùn kan tí wọ́n tẹ́ sí ìdí ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo mú ògbólógbòó ìró kan jáde, mo bu ìrẹsì tí màá rọ sínú ẹ̀ kó lè wúwo. Màámi wo ìrẹsì, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá wá kí wa, tí wọ́n bá oúnjẹ tí a rán mọ́ inú aṣọ lẹ́nu ọ̀nà, ta ló máa gbà pé a kàn fi ń dí atẹ́gùn ni? Ààwẹ̀ ni wọ́n máa kéde lórí ilé wa. Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Ìrẹsì padà sínú àpò, a gé sókòtò jíǹsì ọkọ mi tó ti ya dípò rẹ̀.

Télọ̀ ni màámi kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń rán an, mo sì rò pé mo ń ṣe dáadáa, àfi ìgbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi tí wọ́n tú gbogbo ẹ̀. Wọ́n fi ètè pọ́n ẹnu òwú, wọ́n nà án sí mi pé kí n bá àwọn fi bọ ojú abẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo bá ti ilé ìwé dé. Ọmọ wà láàárín wa lórí bẹ́ẹ̀dì, àjákù jíǹsì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Wọ́n ní kí n má fa aṣọ, kí n jẹ́ kó máa bọ̀ fúnra ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n mú ọjọ́ kan padà nínú ayé mi, ọjọ́ yẹn ni màá mú.

Ìrọ̀rí ilẹ̀kùn ni wọ́n pè é. Ó bá ẹnu ọ̀nà mu régí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, màámi bọ́ súwẹ́tà kan, mo sì kí ara mi kú iṣẹ́.

Àmọ́ nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ti bá ìrọ̀rí. Mo gbé e padà. Bó ṣe tún rí lọ́jọ́ kẹta nìyẹn, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo bi ọkọ mi, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ohun tí wọ́n fi sókòtò òun ṣe. Màámi ní bóyá ó ń yọ̀ ni. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí jíǹsì ti ń rìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé arúgbó tí mo fẹ́ lọ tọ́jú lọ sí ọsibítù, mo bá tètè darí sílé. Mo ti ilẹ̀kùn, ó kọ lu àga. Màámi ló jókòó sórí ẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n fi kóòtù náà bo ọmọ mọ́ àyà, ìrọ̀rí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Inú bí mi. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń fìyà jẹ ara wọn nígbà tí a ti rán nǹkan tán.

Wọ́n ní nílé, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, kọ́tìnì nìkan ló máa wà lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ilé tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn aládùúgbò á wá kànkùn, wọ́n á béèrè bóyá ara onílé ò yá. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbàgbé ni.

“Níbí, tí ẹ bá ti jáde láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ń kànkùn,” ni wọ́n wí. “Abẹ́ ilẹ̀kùn yìí ni mo ti ń gbọ́ ohùn èèyàn. Obìnrin kan wà ní ọ̀kánkán tó máa ń sọ Yorùbá lórí fóònù. Mo ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ ẹ̀. Mo lè fara da òtútù, ọmọ mi. Ilé tó dákẹ́ yìí ni mi ò lè fara dà.”

Omi bọ́ lójú mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, mo lọ kan ti ọ̀kánkán. Alhaja kan, ọmọ Ìbàdàn, ló ń gbé ibẹ̀, tí mo máa ń kí lórí àtẹ̀gùn tí màá sì sáré kọjá. Morris Walk, ọgbà ilé ìjọba kan nítòsí, ni Alhaja ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba tó kó wọn kúrò torí pé wọ́n fẹ́ wó o, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àdúgbò sì fọ́n ká. Mo ní màámi rèé, wọ́n fẹ́ kí Alhaja. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, Alhaja ti kúnlẹ̀ níwájú àga màámi.

“Mummy, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń kọrin fún baby yẹn?” ni Alhaja bi wọ́n. “Every afternoon ni mo máa ń gbé chair wá sí passage mi kí n lè gbọ́ yín.”

Mo bojú wẹ̀yìn. Àga kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Alhaja lóòótọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ṣíṣí ni ilẹ̀kùn méjèèjì máa ń wà lọ́sàn-án. Ọkọ mi ń ráhùn pé gbogbo Plumstead la fẹ́ fi hítà wa mú gbóná. Alhaja kọ́ màámi bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọjà Woolwich, màámi kọ́ Alhaja bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́. Màámi ò béèrè ọkọ̀ òfurufú mọ́. Wọ́n lo oṣù mẹ́fà wọn pé, wọ́n tún lé díẹ̀ sí i, ọmọ sì ti ń rákò láti ilé kan bọ́ sí èkejì kí wọ́n tó lọ.

Wọn ò padà wá mọ́. Nígbà tí ìròyìn ikú wọn dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò lè pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Mo kọjá sí ọ̀kánkán. Alhaja wo ojú mi. Wọ́n gbé àga méjì sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, a sì jókòó síbẹ̀ nínú òtútù títí ilẹ̀ fi ṣú.