Igi Ẹ̀yìn Táyà

Tí ẹ bá rí mi lórí òkè Mọ́kọ́lá lónìí, nínú mọ́tò tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá mi níbi tí mo ti ń dá rẹ́rìn-ín. Orí mi ò dàrú o. Ìyá mi ni mò ń rántí, àti ọkọ̀ ìjàpá tí a ní ní Bódìjà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àti ọjọ́ Sátidé kan tí àwọn ará òkè yẹn pàtẹ́wọ́ fún wa.

Ẹni tí kò bá gun ọkọ̀ ìjàpá rí ti pàdánù. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni búùtù. Tí àlejò bá gbé ẹrù lọ sẹ́yìn, inú mi á dùn, màá pariwo pé, "Iwájú ni o, sà!" Aláwọ̀ ewé ni tiwa, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ẹni tó bá sì jókòó sẹ́yìn kò lè jáde àfi tí ẹni iwájú bá kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ló rà á lọ́wọ́ ẹnì kan ní Onírèké. Bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ ti kú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n tún un ṣe títí, ó kọ̀ jálẹ̀.

Ohun tí bàbá mi wá ṣe ni pé wọ́n ní kí kápẹ́ńtà gé igi ìrókò kan fún wa, tó nípọn lápá kan, tó tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kejì, irú èyí tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń jù sábẹ́ táyà. Èmi ni wọ́n fi ṣe alága igi. Iwájú ni mo máa ń jókòó, igi á wà lórí itan mi, ìyá mi á sì rọra kó ara wọn sẹ́yìn. Bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, màá fò bọ́ sílẹ̀, màá fi igi dí táyà ẹ̀yìn, màá sì pariwo pé, "Ó ti dúró!" Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi nígbà náà pé èmi kọ́ ni mò ń dá mọ́tò yẹn dúró.

Ìyá mi náà ń kọ́ mọ́tò. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, wọ́n mọ̀ ọ́n wà dáadáa. Òkè ni wàhálà wọn. Láìsí bíréèkì ọwọ́, ẹni tó bá fẹ́ dúró lórí òkè gbọ́dọ̀ ṣe bálánsì, kí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀, kí ó tẹ iná díẹ̀, kí ọkọ̀ má lọ síwájú, kó má sì yí padà sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá dán an wò, ọkọ̀ á kú mọ́ wọn lọ́wọ́, bàbá mi á gba igi lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì fò bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n fi ìyá mi ṣe ọ̀gá ilé ìwé kan tó wà lẹ́yìn Mọ́níyà. Ọjọ́ Ajé ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ èrò ò fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, wọn ò sì fẹ́ fi wá sílẹ̀ lọ máa gbé lọ́hùn-ún. Bí wọn ò bá lè wa ọkọ̀ lọ kí wọ́n wà á bọ̀, ẹlòmíràn ni yóò gba ipò náà.

Bàbá mi ní, "Gun òkè Mọ́kọ́lá láti Dùgbẹ̀. Tó o bá gùn ún láìjẹ́ pé a fi igi sí i, gba kọ́kọ́rọ́. Tí a bá fi igi sí i, o ò tíì lè dá lọ."

Ìyá mi ní, "Mo gbọ́, Dádì."

Inú bí mi sí bàbá mi lọ́jọ́ yẹn. Ìyá tèmi, tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ń bẹ̀rù!

Ní Sátidé, bàbá mi jókòó síwájú, èmi àti igi wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ ìjàpá ń gun òkè, ó ń ké bàbà-bàbà, ọkàn mi náà ń ké. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí nígbà tí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo ọkọ̀ dúró. Mo wo ẹ̀yìn, kí ni mo rí? Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó kéréètì ẹyin, ó sún mọ́ wa débi pé mo rí irùngbọ̀n awakọ̀ rẹ̀.

Ìyá mi ń ṣe bálánsì. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, kò lọ, kò bọ̀. Ó dúró! Mo fẹ́ pariwo ṣùgbọ́n mo di ẹnu mi mú.

Bàbá mi bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí ẹyin. "Igi! Gbé igi wá!"

"Ẹ jókòó, Dádì," ni ìyá mi wí, ojú wọn ò kúrò níwájú. "Mo ti mú un."

Ẹ̀rù ẹyin kò jẹ́ kí bàbá mi gbọ́. Wọ́n já igi gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n bẹ́ sílẹ̀. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ọlọ́pàá fi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ọkọ̀ iwájú ṣí. Ìyá mi tẹ iná, ọkọ̀ ìjàpá fò síwájú, ilẹ̀kùn ń gbá pàà-pàà.

"Mọ́mì, a ti fi Dádì sílẹ̀!"

"Ṣé kí n tún dúró lórí òkè yìí ni?"

Àwọn tó wà lẹ́bàá títì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ máa lọ, Mọ́mì! Ẹ má wẹ̀yìn!" Èmi ni mo wẹ̀yìn. Bàbá mi dúró láàárín títì pẹ̀lú igi lọ́wọ́, awakọ̀ ẹyin sì ń bi wọ́n bóyá kí òun gbé wọn.

A dúró níbi tó tẹ́jú, ìyá mi pa ẹ́ńjìnnì. Mo rò ó pé bàbá mi á bínú, wọ́n á ní igi ti jáde, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n dé, òógùn bò wọ́n. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Igi ò kan ilẹ̀," ni wọ́n wí.

Wọ́n ní kí n bọ́ síwájú. Àwọn fúnra wọn tẹ àga, wọ́n kó ẹsẹ̀ gígùn wọn sẹ́yìn, níbi tí ìyá mi máa ń wà, a sì wọ́ lọ sílé. Ayọ̀ mi kò ṣeé fẹnu sọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ìyá mi nìkan ló wa ọkọ̀ gba Agbówó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, a gbọ́ bàbà-bàbà láti ọ̀nà jíjìn. Mo sáré jáde láti lọ ṣe iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n bàbá mi, tí kì í sáré, ti ṣáájú mi dé ibẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n fi igi dí táyà, wọ́n gbọn ọwọ́, wọ́n sì lọ ṣí ilẹ̀kùn fún ìyá mi.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ó ti dúró."

Títí a fi ta ọkọ̀ ìjàpá yẹn, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan igi náà mọ́.