Ọ̀bọ Ilé Àbúrò

Nígbà tí bàbá wọn kú, Aránṣọ ló kọ́kọ́ mú nínú ogún, nítorí òun ni ẹ̀gbọ́n. Ó mú ilé tó kọjú sí títì, kí àwọn oníbàárà lè máa rí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti òkèèrè. Èyí tó wà létí igbó, tí àwọn ọ̀bọ ti máa ń jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó lójú mọmọ, ló fi sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kí ìwọ àtàwọn ẹbí rẹ onírù máa gbádùn ara yín o!"

Kò ju ọdún mẹ́fà lọ tí ìjọba fi wáyà yí igbó náà ká. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gégi níbẹ̀ mọ́, wọn ò gbọdọ̀ dẹ pàkúté, wọn ò sì gbọdọ̀ fún ẹranko ibẹ̀ lóúnjẹ. Ọ̀bọ tí gbogbo ará abúlé ń sọ lókùúta wá di ohun tí àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò. Ibo ni wọ́n sì ti ń rí wọn dáadáa jù? Fèrèsé ẹ̀yìnkùlé àbúrò! Kíá, ó ti kun yàrá méjì, ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àlejò. Aránṣọ náà ló bá a rán kọ́tìnnì. Bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ ni inú ń ta á bí ata.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá bá wa jẹun. Àwọn àlejò fẹ́ rí yín."

"Mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

Kò sí aṣọ kankan lórí ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Aránṣọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kún agbọ̀n, ó gun àkàsọ̀, ó sì tò ó sórí páànù ilé rẹ̀. Àwọn ọ̀bọ dé lóòótọ́, wọ́n tó ogún. Àwọn àlejò sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú kámẹ́rà. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun. Àfi bí àwọn ọ̀bọ ṣe jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán tí wọ́n bá fèrèsé wọlé. Wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù palẹ̀. Ọ̀kan gbé ṣòkòtò ọ̀gá ilé-ìwé gun orí igi lọ.

Ẹ̀ṣọ́ igbó dé, ó fa ìwé yọ. "Ta ló fún ẹranko lóúnjẹ? Ẹni náà ń bá mi lọ sọ́fíìsì."

Aránṣọ rọra kúrò lẹ́bàá àkàsọ̀.

"Èmi ni," ni àbúrò rẹ̀, tó tẹ̀ lé àwọn àlejò wá, wí. "Èmi ni mo kó o síbẹ̀."

Ẹ̀ṣọ́ wo àkàsọ̀ tó ṣì fẹ̀yìn ti ògiri Aránṣọ, ó wo àbúrò, ó sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àbúrò kò gbọdọ̀ gba àlejò fún oṣù mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, Aránṣọ lọ bá a nílé. "Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Ṣé kí n máa wòran ni?"

Aránṣọ fẹ́ dúpẹ́, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Nígbà tó ń padà sílé, ó gbọ́ táwọn obìnrin ń sọ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi: "Irú àbúrò yìí ṣọ̀wọ́n!" Èyí dùn ún ju ṣọ́ọ̀bù tó bàjẹ́ lọ. Ilé tó dára, àbúrò ló ni ín. Ìwà tó dára náà, àbúrò ló tún gbà á. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún un, ká ní ó kan òun. Ó sọ ọ́ títí ó fi délé, kò sì gba ara rẹ̀ gbọ́.