Kíréètì Ẹyin Lára Ògiri

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Búrẹ́dì ló ń ṣe. Níbi iṣẹ́, Ọ̀gá Olórin ni wọ́n ń pè é, torí bó bá ti ń po ìyẹ̀fun, àfi kó máa lu tábìlì. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, kì í ṣe oyè.

Orin wà lọ́kàn rẹ̀ lóòótọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Ó rí ohun tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ṣiṣẹ́. Ìyẹn dára, irọ́ ò sí níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ fi gbà: orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún ní kékeré. Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n délẹ̀ mọ́. Kókó sì ti yọ sí ìyá náà lọ́nà ọ̀fun. Dókítà ní àwọn á gé e, pé ohùn rẹ̀ lè má padà bọ̀ sípò. Wọ́n ti dá ọjọ́.

Ì bá ti gbà á lọ́jọ́ náà gan-an, kó parí. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ inú fídíò wà níbẹ̀, àwọn tí ẹnu wọn kì í sinmi. Ọ̀kan tó ń wọ dígí dúdú nínú ilé ní ẹni tí kò bá tíì tọ́jú yàrá rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ohùn ẹnikẹ́ni, pé ògiri á máa dá ohùn padà. Ó ní kí wọ́n lẹ kíréètì ẹyin mọ́ ọn, ọ̀fẹ́ ni.

Kíréètì pọ̀ bí iyanrìn nílé búrẹ́dì. Ojoojúmọ́ ló ń ru ú lọ sílé. Ẹyin tó fọ́ ti ṣàn sára òmíràn, ìgbẹ́ adìẹ ti gan mọ́ òmíràn. Kò wá gọ́ọ̀mù. Ó po ìyẹ̀fun mọ́ omi gbígbóná, ó fi lẹ̀ ẹ́. Oníbúrẹ́dì nìkan nirú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lè sọ sí lórí.

Ni aáyán bá gbọ́ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ìyẹ̀fun náà bu, ó hu irun dúdú. Yàrá ń rùn bí ẹyin tó ti di òbu. Ìyàwó rẹ̀ kó ẹní lọ sí pálọ̀.

“Bàbá àwọn ọmọ,” ó ní, “ṣé orin lẹ fẹ́ ṣe ni, àbí adìẹ lẹ fẹ́ sìn?”

Ọkọ ní ó ku ògiri ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí ìyá rẹ̀ bá pè pé ṣé kí òun máa bọ̀, á ní yàrá ò tíì pé. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ń lọ.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù, ìyá náà dé fúnra rẹ̀. Ó wọlé, ó fi ọwọ́ bo imú, ó jókòó. Bó ṣe ya ẹnu báyìí, aáyán já bọ́ sí i láyà, ó wọ inú bùbá rẹ̀ lọ. Ó fò dìde. Èébì gbé e, ó bì í sẹ́nu ọ̀nà. Ó wá ń wúkọ́, ó ń wúkọ́, títí ohùn fi di èémí lásán.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ibi tí o ní kí n wá kọrin sí rèé? Ṣáláńgá mọ́ jù báyìí lọ.”

Ọmọ fà á lọ́wọ́ lọ sí pálọ̀.

Níbẹ̀, ó gbé fóònù sí i lẹ́nu kó fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ jáde, ó ń ha bí ẹní ń fa irin nílẹ̀. Ìkejì kọ̀, kò jáde. Ìyá náà juwọ́ sílẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ orin tó kù wúyẹ́wúyẹ́, kò lè kọ ọ́. Ìlà kan ṣoṣo yẹn lọmọ rí gbà.

Ó fọwọ́ lásán fa gbogbo kíréètì ya, aáyán ń gun apá rẹ̀. Ó dà wọ́n sí ààtàn. Nígbà tó padà dé, onídígí dúdú ti gbé fídíò mìíràn jáde. Ó ní kíréètì ẹyin ò wúlò, pé aṣọ tó nípọn ló dáa.

Ó tutọ́ sílẹ̀, ó pa fídíò náà.

Ìrẹsì àná ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò dúró gbé e kaná.