Dúrọ́ọ̀mù Tí Oyèdèjì Kó Lọ sí Abà Alágbẹ̀dẹ

Nígbà tí Oyèdèjì wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ọlọ́runtóbi jọ jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà ìjà owó-orí tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà. Òun nìkan ló padà wálé. Ìbọn ọlọ́pàá ba Ọlọ́runtóbi nínú oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, Oyèdèjì sì dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà fún wákàtí mélòó kan, kò lè gbórí sókè. Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìjọba mọ́. Ó kọ́ṣẹ́ awakọ̀, ó kó lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó fẹ́yàwó, ó sì bí ọmọ kan ṣoṣo, Títílọlá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ìyá ìyàwó náà gba ọmọ sọ́dọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí tó fi ka ìwé mẹ́fà tán, kó tó padà wá bá bàbá rẹ̀. Àwọn èèyàn gáréèjì mọ Oyèdèjì sí ẹni tí kì í wí. Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí àwọn sọ́jà tó ń ṣèjọba, á dìde, á lọ máa gbá táyà lọ́rì rẹ̀ wò.

Ní oṣù kẹta ọdún 1988, Gbádégẹṣin ránṣẹ́ pè é. Kọngílá ni Gbádégẹṣin, àgbà sì ni nínú ìjọ Aládùúrà tí Oyèdèjì ń lọ. Àga iwájú ni tirẹ̀, òun ló sì máa ń gbàdúrà fún àwọn awakọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Iṣẹ́ tó gbé kalẹ̀ kò le. Kí Oyèdèjì lọ kó dúrọ́ọ̀mù ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà ìkunlé ní Ìbàdàn, kó kó wọn lọ dà sínú kòtò tí wọ́n ti wa yangí tì, lọ́nà oko lẹ́yìn Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Abà Alágbẹ̀dẹ. Ó ní òróró ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ ló wà nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Oyèdèjì kó o, ogójì dúrọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan. Nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀kan jò sí i lọ́wọ́ ọ̀tún bó ṣe ń yí i bọ́ sílẹ̀ láti orí lọ́rì. Omi náà kò kì bí òróró, òórùn rẹ̀ sì ń ta nímú bí ata tó jóná. Kó tó dé Ọ̀yọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti lé bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, awọ ọwọ́ náà ń bó. Ó fi aṣọ dì í, ó sọ fún Títílọlá pé rédíétọ̀ ló bú sí òun lọ́wọ́.

Títílọlá ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ nínú ìlú Ọ̀yọ́. Ní oṣù kẹfà, òun àti bàbá rẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí rédíò sọ ọ́ pé wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù májèlé tí wọ́n kó ti ìlú òyìnbó wá sí Kókó, ní ìpínlẹ̀ Bẹ́ńdẹ̀lì. Oyèdèjì dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. Títílọlá kò ṣàkíyèsí; inú ń bí i, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní Shamsudeen, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ti búra pé bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn á da ìlú rú.

"Ariwo lẹ mọ̀," ni Oyèdèjì wí. "Bí wọ́n bá yin tajútajú kan ṣoṣo, kò ní ku ẹnì kan nínú yín lójú títì."

Títílọlá wò ó. Kò tíì gbọ́ kí bàbá rẹ̀ sọ tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìjọba rí. Oyèdèjì pa rédíò, ó jáde lọ sídìí lọ́rì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan tó fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni iṣẹ́ tún gbé e lọ sí Abà Alágbẹ̀dẹ láti lọ kó gààrí. Hajarat, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí lábà náà, kí i kú ọ̀nà, ó gbé àpótí fún un jókòó. Ara obìnrin náà kò yá gágá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ròyìn fún un pé ewúrẹ́ òun mẹ́rin ti kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pé ẹja ń léfòó lójú odò Àbàtà, pé ẹ̀gẹ́ tí òun rẹ sínú omi náà ń yọ ìfófòó tí òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ó wá pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ní kó la ẹnu. Egbò ni gbogbo ètè àti ahọ́n rẹ̀. Ó ní àwọn lọ fẹjọ́ sùn ní ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní àrùn ẹran ni.

"Bàbá Títí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rìn káàkiri," ni Hajarat wí, "ṣé ẹ ò gbọ́ nǹkan kan? Ṣé ẹ ò rí ọkọ̀ kankan tó gba ibí kọjá?"

"Mi ò rí nǹkan kan," ni Oyèdèjì dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ tó fi aṣọ dì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó di ẹrù, ó wakọ̀ kúrò níbẹ̀, nígbà tó dé ibi tí abà ò ti lè rí i mọ́, ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì tún un dì.

Hajarat ní ọmọbìnrin kan, Marufat, tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Takie, láàárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Òun àti Títílọlá jọ ṣe iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Títílọlá wà lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀, nítorí náà nígbà tí ọ̀rọ̀ odò Àbàtà le sí i, Títílọlá ló kọ̀wé sí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe dé etí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yọ́. Wọ́n yan èèyàn márùn-ún, wọ́n lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́tí sí wọn dáadáa, wọ́n wá bi wọ́n léèrè: ta ló rí dúrọ́ọ̀mù? Ta ló kó o wá? Wọ́n lọ yẹ kòtò yangí tó wà lẹ́bàá odò náà wò, kìkì erùpẹ̀ ni wọ́n bá, nítorí katakátà ti wá bò ó. Shamsudeen, tó ti ń pariwo jù tẹ́lẹ̀, ní kò sí ẹ̀rí, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ta Gbádégẹṣin lólobó. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó yà ní ilé Oyèdèjì, kò tíì bọ́ sùtánà lọ́rùn. Kò jókòó.

"Mo gbọ́ pé ọmọ rẹ wà lára àwọn tó ń tú ilẹ̀," ni ó wí.

"Títílọlá kò mọ nǹkan kan, sà."

"Kó má mọ̀ ni kó o ṣe. Dìkírì kejì, òfin àwọn sọ́jà, ń bẹ nílẹ̀, Oyèdèjì. Wọ́n lè ti èèyàn mọ́lé kí ọdún yípo láì gbé e dé kóòtù. Orúkọ rẹ ló wà lára lọ́rì náà, tèmi kọ́." Ó gbé ọwọ́ lé Oyèdèjì léjìká bó ṣe máa ń ṣe nígbà àdúrà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Oyèdèjì fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Ó gbà pé bí òun bá dákẹ́, ọmọ òun á là. Bó ṣe dákẹ́ fún ogún ọdún nìyẹn, ó sì ti rí i pé ìdákẹ́ dára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó bá Títílọlá tó ń kó àwọn ìwé tí wọ́n ti kọ nípa odò náà sínú báàgì. Ó bi í pé kí ló dé.

"Ẹ̀yin lẹ jàre, Bàámi," ni Títílọlá wí láì gbójú sókè. "Ariwo la mọ̀."

Ó yẹ kí ara tu Oyèdèjì, nítorí ohun tó ń wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ara kò tù ú. Ó rí ọmọ rẹ̀ bó ṣe jókòó wọ̀ọ̀, tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ó dà bíi pé ara òun ló ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kó wọ lọ́rì. Wọ́n wakọ̀ kọjá Ọjà Igbó. Nígbà tí wọ́n dé kòtò, ó mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ níbi tó ti mọ̀. Kò wà á jìn tí ọkọ́ fi ró lára irin. Ó tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ náà sí ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni mo kó o wá," ni ó wí.

Títílọlá wo ọwọ́ náà, ó wo ilẹ̀. "Ẹ ti mọ̀ láti ìgbà tí rédíò ti sọ̀rọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Ìyá Marufat ò bi yín?"

"Ó bi mí."

Ọmọbìnrin náà kẹ̀yìn sí i, ó rìn títí dé ìdí igi ẹ̀mí kan, ó dúró síbẹ̀. Oyèdèjì kò tẹ̀ lé e. Ó rò pé bóyá yóò gba ibẹ̀ lọ ni, tí kò ní wo ẹ̀yìn mọ́. Nígbà tó padà wá, ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ó bi bàbá rẹ̀ bóyá yóò sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Oyèdèjì ní wọ́n á ti òun mọ́lé. Títílọlá ní òun mọ̀. Oyèdèjì ní wọ́n lè ti Títílọlá náà mọ́lé. Ọmọ náà ní òun mọ ìyẹn náà. Ibẹ̀ ni bàbá ti jókòó sórí òkìtì erùpẹ̀, tó sì sọ ìtàn Ọlọ́runtóbi fún ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, láti àárọ̀ tí wọ́n jáde títí dé inú oko ẹ̀gẹ́.

Títílọlá ránṣẹ́ sí Marufat àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹ̀rí ti wà, Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e sì ni wọ́n jáde. Àwọn ọ̀dọ́ fi ọ̀rá wé ọwọ́, wọ́n fi pákó yí dúrọ́ọ̀mù kan gorí lọ́rì, Oyèdèjì sì wà á wọ Takie díẹ̀díẹ̀, lọ́nà ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e tó igba: akẹ́kọ̀ọ́ láti Ọ̀yọ́, ọmọ iṣẹ́ télọ̀, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, àti àwọn èèyàn abà. Shamsudeen ló wà níwájú pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn oníṣòwò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì, wọ́n ń wò láti inú.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá méjì dábùú ọ̀nà. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n túká. Kò tíì tún un sọ tí wọ́n fi yin tajútajú, ìbọn sì dún lẹ́ẹ̀mejì sójú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn já bọ́. Shamsudeen ti fo gọ́tà ẹ̀bá títì, ó dorí kọ ọ̀nà Ọjà Igbó. Nígbà tí èéfín ń ká, Oyèdèjì rí i pé lójú títì, bí ọgbọ̀n èèyàn péré ló kù. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yí lọ́rì ká, wọ́n fi aṣọ bo imú. Àwọn tí kò sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé kankan ló pọ̀ nínú wọn. Marufat wà níbẹ̀, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Títílọlá jókòó síwájú lọ́rì gan-an, ó kẹ̀yìn sí bọ́ńpà.

Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ Oyèdèjì wà lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ó lè fi rìfáàsì padà sẹ́yìn. Ọ̀nà ẹ̀yìn ṣófo. Ó yọ orí síta lójú fèrèsé, ó wo orí ọmọ rẹ̀. Ó wá pa ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ti gun ẹ̀yìn lọ́rì, ó fi ọwọ́ kan ti dúrọ́ọ̀mù, ó ń bèèrè ẹni tó ni ẹrù. Oyèdèjì sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sí ibi tí gbogbo èèyàn á ti gbọ́ ọ.

"Oyèdèjì lorúkọ mi. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé. Ọgọ́fà dúrọ́ọ̀mù báyìí ni mo kó wá láti Ìbàdàn, Gbádégẹṣin kọngílá ló gbéṣẹ́ ẹ̀ fún mi. Wọ́n wà nínú kòtò lẹ́yìn Ọjà Igbó. Ohun tó ṣe ọwọ́ mi rèé." Ó na ọwọ́ náà sókè.

Ọ̀gá ọlọ́pàá yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò lára dúrọ́ọ̀mù, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n kó Oyèdèjì àti àwọn tó jókòó náà sínú ọkọ̀.

Wọ́n fi Títílọlá àti Marufat àti àwọn yòókù sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Oyèdèjì lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ní àtìmọ́lé ní àgọ́ ọlọ́pàá. Láràárọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń wá jókòó ní òdìkejì títì. Ọgbọ̀n ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá wọn kò ṣe é kà mọ́. Ní ọjọ́ kan, Hajarat wá. Wọ́n mú Oyèdèjì jáde wá síwájú káńtà. Obìnrin náà wò ó pẹ́.

"Mo bi yín o," ni ó wí. Ó yí padà, ó lọ. Oyèdèjì kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ dé ìgúnpá wá kó àwọn dúrọ́ọ̀mù náà. Méjìdínlọ́gọ́fà péré ni wọ́n rí nínú ọgọ́fà. Ibi tí wọ́n kó wọn lọ, ẹnikẹ́ni kò sọ. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ní wọ́n jí ẹrù àwọn kó ni. Àwọn ọlọ́pàá pe Gbádégẹṣin lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sórí àga iwájú. Oyèdèjì ló wá ìjọ mìíràn lọ. Àwọn èèyàn abà gbẹ́ kànga sí apá òkè. Ẹnu ọmọ-ọmọ Hajarat jinná, ṣùgbọ́n àpá wà létè rẹ̀ títí dòní.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìyà ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde láti ìlú dé ìlú, Títílọlá wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní ó di ọ̀la, àwọn ń jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ohun tí bàbá rẹ̀ máa wí. Oyèdèjì ń fi ọwọ́ òsì di nọ́ọ̀tì kan mọ́ irin lọ́rì, nítorí ọ̀tún kò lágbára mọ́. Ó bi í pé bàtà wo ló fẹ́ wọ̀. Títílọlá ní sálúbàtà.

"Wọ èyí tó ní okùn," ni ó wí. "Kó o sì so ó dáadáa."