Kábúrétọ̀ Ìjàpá Mi Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tún Ṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Festac lọ́jọ́sí, kẹ́ ẹ bá mi yọ̀!

Ọdún kejì tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Ìjàpá mi, ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí mo fowó ara mi rà nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ táípíìsì, bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà. Tó bá gbéra nílé, á kú ní Apple Junction, èéfín dúdú á sì bo gbogbo wa. Ṣé irú ìtìjú yẹn ṣeé fẹnu sọ?

Múfú mẹkáníìkì ní kábúrétọ̀ ni, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Ó tú u, ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀, ó dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan! Ṣé fèrè ni?

Ni Kúnlé, àkọ́bí mi, bá ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Satellite Town, á wá ra ọkọ̀ náà lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun á máa gbé mi lọ síbi tí mo bá fẹ́. Èmi tí mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí i! Kí n wá máa dúró de ọmọ kí n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì? Inú bí mi gan-an. Mo ní tí ọkọ̀ náà bá lọ sí Mile 2 tó sì bọ̀ láìkú kí ọkùnrin náà tó dé, kò sẹ́ni tó máa tà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Mo ra kíìtì tuntun, ìyẹn àwọn rọ́bà àti páàtì kéékèèké inú kábúrétọ̀, mo yọ kábúrétọ̀ náà, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìjẹun. Ta ló ní mi ò lè tú ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo fi ń táìpù ní ọ́fíìsì wa ńkọ́? Èmi ni mo máa ń tú u tó bá há, tí mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín rẹ̀, torí ẹni tó ń tún un ṣe kì í tètè dé. Mo wá kíréètì ẹyin, mo ń to páàtì kọ̀ọ̀kan sínú ihò tirẹ̀ bí mo ṣe ń tú kábúrétọ̀ náà. Èérún irin tó ti dógùn-ún ti dí ihò tóóró tí epo ń gbà kọjá. Ẹnu wo ló fẹ́ fẹ́ ìyẹn jáde? Mo rẹ gbogbo ẹ̀ sínú epo, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ àwọn rọ́bà tó ti gbó.

Láàárọ̀ Sátidé, mo dá kábúrétọ̀ padà sáyè ẹ̀, mo ṣáná sí ọkọ̀, ó dún. Mo tẹ epo, ó kú! Mo tún gbìyànjú ẹ̀, ó tún kú! Kúnlé ń wo aago lórí fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Mo sáré padà sídìí kíréètì. Bọ́ọ̀lù irin kékeré kan, tí kò ju hóró àgbàdo lọ, ṣì wà nínú ihò tirẹ̀, mo ti gbàgbé rẹ̀!

Mo tún tú u, mo fi bọ́ọ̀lù sáyè ẹ̀. Mo ṣáná, mo tẹ epo, ó dún rínrìn! Ohùn rẹ̀ dùn mọ́ mi ju orin kúwáyà lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Kúnlé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a lọ sí Mile 2, a bọ̀. Èéfín dà? Kò sí! A ò tíì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu géètì tí ọkùnrin Satellite Town fi dé. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ní kí wọ́n fi mẹkáníìkì tó ṣe é han òun. Kúnlé nawọ́ sí mi.

"Màmá mi ni. Ẹ má bínú, sà, ọkọ̀ wọn kì í ṣe títà mọ́."

Orí mi wú! Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un sọ.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé iṣẹ́ tá a ti mọ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tá a bá fẹ̀yìn tì. Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gba nǹkan yín lọ, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ wò. Kí lẹ̀yin náà fọwọ́ ara yín tún ṣe nígbà tí gbogbo ayé ní kẹ́ ẹ tà á? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè rí i kà!