Losivale àti Rúùtù Inú Tẹlifíṣọ̀n

Iṣẹ́ ẹní híhun ni Losivale ń ṣe láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fun fèrè ìkarahun fún àdúrà ìrọ̀lẹ́, tí àdúrà sì parí, kò sẹ́ni tó ń wá a fún ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Eré Rúùtù ló ń wò.

Ayé ti bàjẹ́ nínú eré ọ̀hún. Òkun ti gbé ìlú lọ, àìsàn ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, Rúùtù sì ń gbin kókò láàárín àlàpà. Ọkùnrin kan pa ọmọ kan ṣoṣo tí Rúùtù bí. Nígbà tí òùngbẹ wá fẹ́ pa ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà Rúùtù, obìnrin náà bu omi fún un. Kò rẹ́rìn-ín, kò ní òun ti dárí jì í, ó kàn bu omi. Lọ́jọ́ náà, Losivale sunkún títí àyà aṣọ rẹ̀ fi tutù.

Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Losivale ló sin Tavita, ọmọ rẹ̀. Ọmọkùnrin Pelenato, aládùúgbò wọn, ló mutí yó, tó wa ọkọ̀ wọ kòtò, Tavita sì jókòó lẹ́yìn nínú ọkọ̀ náà. Lọ́dọ̀ tiwa ní erékùṣù Savaii, ẹbí ẹni tó ṣẹ̀ á wá ní kùtùkùtù, wọ́n á jókòó níwájú ilé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, wọ́n á fi ẹní àtàtà borí. Bí onílé bá ká ẹní náà kúrò, ìjà parí. Bí kò bá ká a, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

Pelenato ti wá lẹ́ẹ̀kan. Losivale ò jáde. Oòrùn pa wọ́n títí wọ́n fi lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tó rí i tí Rúùtù bu omi ló tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Faleupolu, olórí ẹbí wọn, pé: "Bọ̀ọ̀dá mi, bí wọ́n bá tún wá, màá ká a." Faleupolu sì ránṣẹ́ sí wọn.

Àfi ìgbà tí apá kejì eré náà dé! Rúùtù gbé ìbọn. Ó fi oko kókò sílẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀, ó ń lé ọkùnrin yẹn kiri, ó ń pa ará, ó ń pa ọ̀rẹ́.

"Ó tó gẹ́ẹ́!" Etevise, ìyàwó Faleupolu, pàtẹ́wọ́. "Àbí kó máa bu omi fún un títí ayé ni? Ṣé iléeṣẹ́ omi ni?"

"Ìyàwó wa, panu ẹ mọ́."

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ṣé èmi ni mo kọ eré ni?"

Wọ́n bà á jẹ́, wọ́n bà á jẹ́ pátápátá! Ta ló bẹ̀ wọ́n? Inú bí Losivale, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló wà nísàlẹ̀ ìbínú ọ̀hún. Bí Rúùtù pẹ̀lú gbogbo sùúrù rẹ̀ ò bá lè ṣe é, èwo wá ni tòun? Ìgbà tí Rúùtù wá ká ọkùnrin náà mọ́lé níkẹyìn, Losivale rí i pé òun alára ti di ẹ̀ṣẹ́, òun ń fẹ́ kó yìnbọn. Ojú tì í. Ó dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Títí dòní kò mọ bó ṣe parí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ẹbí Pelenato ti wà níta, ẹní bò wọ́n. Ẹnu àbúrò rẹ̀ ni Faleupolu ń wò.

"Ẹ fi wọ́n síbẹ̀ jàre," ni Etevise wí. "Kí oòrùn bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i."

Oòrùn ga kọjá orí igi gbẹ̀rẹ̀fútù kí Losivale tó dìde. Ó bu omi sínú ife, ó sọ̀kalẹ̀. Ó mú etí ẹní, ó ká a. Pelenato àti àwọn àgbà ilé rẹ̀ nìkan ló rò pé òun máa bá níbẹ̀, àṣé ọmọ tó wa ọkọ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó dojú bolẹ̀, òógùn bò ó.

"Màmí," ọmọ náà wí.

"Inú ń bí mi sí ẹ," ni Losivale wí. "Kò tíì tán. Ó lè má tán. Gbà, mumi."

Ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń dà nù. Losivale bá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn orí rẹ̀ mú, ó gbé ife sí i lẹ́nu, bó ṣe máa ń ṣe fún Tavita nígbà tí ibà bá ń ṣe é. Kò gbé ife náà kúrò títí omi inú rẹ̀ fi tán.